Ọdún Tí Bàbà Fọ Ojú

Ohùn tó máa ń jí mi nílé wa ní Ṣakí nígbà èwe mi kì í ṣe ti àkùkọ, kì í sì í ṣe ti ládàánì. Ohùn ẹwìrì ni. Ẹwìrì tiwa kì í ṣe aláwọ bíi ti ayé àtijọ́. Bàbá mi ló fi àgbá kẹ̀kẹ́ kan àti abẹ́bẹ̀ tó gé lára páànù ṣe é. Ènìyàn ni yóò máa fọwọ́ yí i, atẹ́gùn yóò sì máa gba inú páìpù lọ sábẹ́ èédú, yóò máa dún "fùù, fùù" bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ìyá mi yóò tẹ̀ lé e: "Sìdíkátù! Ṣé o fẹ́ kí oòrùn wá bá ọ lórí ẹní ni?" Iṣẹ́ mi láàárọ̀ ni kí n gbá ẹnu àgbẹ̀dẹ, kí n ṣa èédú ńlá kúrò lára wẹ́wẹ́, kí n sì da ọkà sílẹ̀ fún àwọn ẹtù Bàbá Àgbà. Mo fẹ́ràn èédú, mo kórìíra ẹtù. Wọ́n máa ń ṣá mi lẹ́sẹ̀ jẹ bí ẹni pé èmi gan-an lọkà. Títí dòní, bí mo bá rí ẹran ẹtù nínú ọbẹ̀, tìgbẹ̀san-tìgbẹ̀san ni mo fi ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣakí mọ̀ pé ìlú alágbẹ̀dẹ ni. Àwọn ilé mìíràn ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ilé tiwa ń yọ́ bàbà, irin pupa tó máa ń wà nínú wáyà iná àti nínú ẹ̀rọ tó ti kú. Ìkòkò amọ̀ kékeré kan la fi ń yọ́ ọ, a ó dà á sínú àpótí yanrìn, yóò sì di búṣì. Búṣì ni òrùka nípọn tí ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọta ń yí nínú rẹ̀. Bí búṣì bá jẹ, ẹ̀rọ náà yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi dákẹ́. Láti Ìpàpó títí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ lọ èlùbọ́ tàbí àgbàdo, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọwọ́ wa ni búṣì rẹ̀ ti wá. Mo máa ń fi èyí yangàn nílé ìwé débi pé olùkọ́ wa sọ mí ní Ìyá Búṣì.

Bàbá Àgbà, ẹni tó bí bàbá mi, ló ń pe bàbà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí bàbà bá ti ń yọ́, ẹnu gbogbo di pípa lágbẹ̀dẹ wa. Ẹnì kan ṣoṣo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, ìyẹn ni ẹni tó ń wo iná. Yóò wo àwọ̀ bàbà náà, yóò wò ó, yóò wò ó, kó tó wá ké pé, "Ó tó!" Ìgbà yẹn ni bàbá mi yóò fi ẹ̀mú gbé ìkòkò, yóò sọ pé "Bísímílláhì," yóò sì dà á. Bí wọ́n bá pè é yá jù, bàbà kò ní í ṣàn dé gbogbo inú yanrìn, búṣì yóò jáde láìpé. Bí wọ́n bá pè é pẹ́ jù, bàbà yóò ti mu afẹ́fẹ́ yó, ihò yóò sì kún inú búṣì bí ihò inú àkàrà. Àárín méjèèjì kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ka Fàtíà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ nílé wa pé ẹnu méjì kì í pe bàbà kan. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yóò kúrò lágbẹ̀dẹ fún ọjọ́ méje, ìbáà jẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ìyàwó. Wọ́n lé ìyá mi jáde nígbà kan nítorí pé ó kí àlejò káàbọ̀. Ó ní ọjọ́ méje yẹn lòun sinmi jù láti ìgbà tóun ti wọlé ọkọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo wà ní ìwé kẹrin. Ọdún náà ni ihò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú búṣì wa. A kọ́kọ́ dá èédú lẹ́bi, a tún dá yanrìn lẹ́bi. Ìgbà tó yá, a kò rí ẹni dá lẹ́bi mọ́. Ọjọ́ kan ni Àlàájà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wọlé wá, obìnrin gíga kan tó ní ẹ̀rọ ìlọta, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó tú àkísà kan, ó da búṣì mẹ́ta sílẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé búṣì ni mo rà ni, àbí asẹ́? Ẹ̀rọ mi ti dákẹ́. Gbogbo èèyàn ti bó iṣu, wọ́n ti sá a, ó ti gbẹ, èlùbọ́ ni wọ́n ń retí. Ta ni n ó wí fún?"

Bàbá Àgbà kò wo búṣì náà. Ó gbé ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò yí i ká. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, bàbá mi ló kọjú sí. Ó ní òun yóò pe ọ̀kan sí i fún Àlàájà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní bí ìyẹn bá tún ní ihò, òun yóò kúrò lẹ́nu iná, bàbá mi ni yóò sì máa pe bàbà láti ọjọ́ náà lọ. Ó wí i wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ mu omi. Bàbá Àgbà ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ ahunṣọ. Ọdún tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó pa òfì tì kó máa sinmi ni ọdún tí wọ́n sin ín. Èmi ti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lọ́kàn mi: ẹni tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ikú ló ń lọ bá. Ọmọdé ni mí nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà báyìí, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ fún mi pé irọ́ ni.

Bùọ̀dá Kàmọ́rù, àbúrò bàbá mi, ló mú awò kan wá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé kan ní Ìṣẹ́yìn, ó ń fọ ìgò, ó ń to nǹkan, ó sì ń ka gbogbo ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ̀ níbẹ̀. Bàbá mi ló ránṣẹ́ sí i nípa ọ̀rọ̀ ihò yìí. Ọjọ́ tó dé, iyán là ń jẹ, ìyá mi gé wàrà sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Bùọ̀dá kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó jókòó sílẹ̀, ó ṣí àpótí pákó kan, ó sì yọ nǹkan gbọọrọ kan tó ní èèkù bíi ti ìbọn, tó sì ní awò níwájú àti lẹ́yìn.

"Kí lèyí?" Bàbá Àgbà bèèrè.

"Bàbá, awò tí wọ́n fi ń wọn iná ni. Ọ̀gá mi ló fi yá mi fún ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi yìí. Ẹ ẹ̀ ní í fọwọ́ kan bàbà, ẹ ẹ̀ ní í sún mọ́ ọn, yóò sọ bó ṣe gbóná tó fún yín."

"Iná wá daṣọ tí wọ́n ń wọ̀n báyìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè gbé òkèlè mì mọ́. Mo fẹ́ fojú kan inú nǹkan náà bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ. Mo fọ àwo kíákíá, mi ò fọ̀ ọ́ mọ́ rárá, ìyá mi sì rí i, ó kàn mójú kúrò ni. A dáná, a ju ẹyọ bàbà kan sínú èédú títí ó fi pọ́n. Bùọ̀dá wá gbé awò náà sí mi lójú, ó ní kí n di èèkù rẹ̀ mú, kí n má mí.

Háà! Mo rí iná náà nítòsí bí ẹni pé imú mi wà nínú rẹ̀. Òwú kékeré kan sì wà láàárín, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tó dúdú lórí pípọ́n bàbà. Bùọ̀dá ní òwú náà jẹ́ ti gílóòbù kékeré kan nínú awò, bátìrì ló ń tàn án. Ó ní kí n máa yí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo yí i, òwú dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo tún yí i, ó pọ́n sí i. Lójijì, mi ò rí i mọ́. Mo yí bọ́tìnì díẹ̀ sí i, ó tún yọ, ó ti wá funfun ju iná lọ.

"Ó pòórá! Bùọ̀dá, ó pòórá, ó sì tún yọ!"

"Ibi tó ti pòórá gan-an ni kó o dá a dúró sí. Ìmọ́lẹ̀ òwú àti ìmọ́lẹ̀ bàbà ti dọ́gba níbẹ̀, ojú rẹ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Wá ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì. Bí bàbà ṣe gbóná tó nìyẹn."

Mo fò sókè títí ìró mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ẹ gbà mí gbọ́, láti ìgbà náà mo ti lo awò tó dára ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí nìyẹn, mò ń wọn iná níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, awò bí ìbọn kékeré tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Inú mi ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òwú yẹn ti pòórá mọ́ mi lójú. Ó dà bíi pé iná fúnra rẹ̀ dáhùn nígbà tí mo pè é.

Ó wá kan Bàbá Àgbà. Ó ti kọ́kọ́ ń ṣàtakò, ó ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bùọ̀dá bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi gbà. Iná ń ta pàrà síta nítorí pé bàbá mi ń fọ́ èédú, Bùọ̀dá sì ti fi ìdérí bo awò iwájú kí ó má bàa jó. Ó gbé e fún Bàbá Àgbà, ó sì yára lọ ran bàbá mi lọ́wọ́. Èmi ni mo wà nídìí ẹwìrì, ní òdìkejì iná, tí mo kọjú sí Bàbá Àgbà gan-an. Mo rí ìdérí dúdú náà gbangba. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

"Mo rí i," Bàbá Àgbà wí, ó ń mi orí. "Bàbà náà ń pọ́n dáadáa. Òwú yín náà nìyẹn. Ẹ káre."

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹwìrì. Ibi tó ń wò, òkùnkùn ni. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tí kò ti bá mi ṣa òkúta lára ìrẹsì mọ́. Mo rántí bó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ wá ìkòkò omi rẹ̀ nígbà àlùwàlá, àti bó ṣe máa ń dúró kí ènìyàn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ó tó dárúkọ rẹ̀. Bàbá Àgbà kò ríran mọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi òun àti èmi, òun kò sì mọ̀ pé mo mọ̀. Mi ò sọ fún ìyá mi pàápàá. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo gbàgbé láti bá ẹtù jà ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ tí a ó da búṣì Àlàájà pé. Òun fúnra rẹ̀ wá, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí i. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ẹwìrì ń ké, èédú ń pọ́n, bàbà ń wó lulẹ̀ nínú ìkòkò bí òrí tí oòrùn pa. Bàbá Àgbà jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi ń ro bàbà. Bùọ̀dá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú awò. Wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé bí nọ́ńbà bá ti dé ibi tí ìwé Bùọ̀dá sọ, òun yóò fọwọ́ kan Bàbá Àgbà léjìká, Bàbá Àgbà ni yóò sì ké. Inú mi dùn sí ètò yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé awò ni yóò gba Bàbá Àgbà là.

Nọ́ńbà ń gòkè. Mo ń wo ojú Bùọ̀dá, mo rí i pé ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ku díẹ̀. Bàbá mi wá fi ṣíbí irin kó ìdàrọ́ kúrò, ìyẹn èérí tó máa ń léfòó sójú bàbà, nítorí pé a kì í da bàbà tòun tèérí. Ojú bàbà mọ́ gaara bíi dígí. Bùọ̀dá tún wo awò rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà ti já wálẹ̀, ohun tó fi já lé ní ọgọ́rùn-ún.

"Ó tó!" Bàbá Àgbà ké.

"Kò tó!" Bùọ̀dá náà ké, ó ti gbàgbé òfin ilé. "Bàbá, ó ti tutù! Ẹ fẹ́ ẹ sí i! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e!"

"Kò tutù. Ojú ló fọ̀. Bàbá Sìdí, gbé e."

Bàbá mi dúró pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, ó ń wo bàbá rẹ̀, ó ń wo àbúrò rẹ̀. Ẹnu méjì ti pe bàbà kan. Mo rí i lójú bàbá mi pé ti Bàbá Àgbà ló fẹ́ ṣe. Mo sì mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Mo rò ó pé bí wọ́n bá da bàbà yìí báyìí, búṣì yóò bàjẹ́, Bàbá Àgbà yóò kúrò lẹ́nu iná, yóò sì kú. Ọ̀rọ̀ náà jábọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ má dá wọn lóhùn! Bàbá Àgbà ò ríran! Ìdérí wà lójú awò lọ́jọ́sí, wọ́n ní àwọn rí iná!"

Bàbá mi gbé ẹ̀mú sílẹ̀. Ó mú ẹwìrì lọ́wọ́ mi, ó sì yí i kíkankíkan títí nọ́ńbà Bùọ̀dá fi pé. Lẹ́yìn náà ló da bàbà. Nígbà tí búṣì tutù tí wọ́n fi ayùn là á sí méjì, ihò inú rẹ̀ pọ̀ ju ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Àlàájà dá padà lọ.

Àlàájà dìde, ó gbọn ìborùn rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ o. Mo lè fara da ihò. Ṣùgbọ́n búṣì tí afọ́jú pè, mi ò rà á mọ́ láéláé. N ó padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta òní. Bí ẹ bá ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa pè é, kí ẹ wí fún mi. Bí ẹ ẹ̀ bá rí, n ó gba ibòmíràn lọ."

Bàbá Àgbà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ògiri jáde, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mi tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ti sọ pé bí ihò bá wà, òun yóò kúrò. Ihò wà. Kì í ṣe òun ló pè é, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìyá mi fa etí mi, ó tún fà á, lẹ́yìn náà ló gbá mi mọ́ra, nítorí pé ẹkún tí mò ń sun ti kọjá ti etí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ bá a. Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ohun tí n ó wí, mo kàn ń sọ pé, "Bàbá Àgbà, ẹ má bínú, ẹ má bínú."

"Ṣé irọ́ lo pa ni?" ó bèèrè.

"Rárá, Bàbá."

"Kí ni mò ń bínú sí, nígbà náà? Jókòó." Ó já ẹ̀kọ, ó fún mi ní ìdajì. "Gbọ́. Bí oòrùn bá pa ọ́ lóko, tí eruku bò ọ́ lójú, tí o wá fi omi bọ́jú, ṣé ooru ara rẹ lọ?"

"Kò lọ."

"Bàbà náà nìyẹn. Ìdàrọ́ máa ń tan iná síta ju bàbà lọ. Bí o bá kó o kúrò, bàbà yóò mọ́, yóò sì ṣókùnkùn lójú ẹni tó ń wò ó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò tíì tutù. Ojú Kàmọ́rù àti awò rẹ̀ rí òkùnkùn, wọ́n pè é ní tútù. Ohun tí ojú tèmi náà ti ń ṣe láti bí oṣù mélòó kan nìyẹn. Ojú ń ṣú, mo ń rò pé bàbà ni kò pọ́n, mo ń dúró, mo ń dúró, ó ń jóná. Lánàá ni mo kọ́kọ́ di ojú mi pátápátá. Ọ̀pá ni mo fi gbọ́ ọ. Bí bàbà kò bá tíì tó, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Bí ó bá tó, yóò yọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí omi lára ewé kókò."

Mo gbé àkàrà sílẹ̀. Mo sáré, mo sáré bí ẹni tí ẹtù ń lé, mo lọ bá Bùọ̀dá Kàmọ́rù níbi tó ti ń wo búṣì tó bàjẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí. Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé rẹ̀ wàràwàrà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú ara rẹ̀.

"Sìdí, ó wà níbí! Mo kà á, mi ò fi sọ́kàn! Ojú bàbà nìkan ni awò ń kà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde ló mọ̀. A gbọ́dọ̀ mọ iye tó ń fi sílẹ̀. Pe bàbá rẹ wá!"

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lábẹ́ igi ẹ̀mi títí Bàbá Àgbà fi dìde, tó sì dárí ọjọ́ méje tó yẹ kí àwa méjèèjì fi kúrò lágbẹ̀dẹ jì wá. Ohun tó fẹ́ ṣe rọrùn. Ó ní bàbà tó mọ́ kì í yọ́ níbòmíràn, ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́rinlélọ́gọ́rin dìgírì ni, ní Ṣakí, ní ìlú òyìnbó, níbi gbogbo. Ibẹ̀ náà ló sì ti ń dì. Ó ní títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dì tán, kò ní í gbóná sí i, kò sì ní í tutù sí i. Bí awò bá wo bàbà mímọ́ ní àkókò yẹn, tó sì ka nǹkan mìíràn, a ó mọ iye tí awò ń jẹ mọ́ wa lọ́wọ́.

A yọ́ bàbà wáyà tó mọ́ jù lọ nílé. Bàbá mi kó ìdàrọ́ rẹ̀ kúrò, èmi dá ẹwìrì dúró. Bùọ̀dá gbé awò lé mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni mo kéré jù, ojú mi ló sì mú jù. Bàbá Àgbà jókòó ní tiwájú, ọ̀pá lọ́wọ́, ó di ojú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ bára wa sọ̀rọ̀. Kí oníkálùkù ṣe é lọ́nà tirẹ̀. Bàbà ń tutù. Òwú ń yọ, mo ń yí bọ́tìnì wálẹ̀ kí ó lè pòórá, ó tún ń yọ, mo tún ń yí i. Lójijì, òwú pòórá, kò sì yọ mọ́. Mo dúró. Kò yọ. Mo mí sínú, mo mí síta, kò yọ.

"Ó dúró!" mo ké.

Ẹnu mi kò tíì pa dé tí Bàbá Àgbà ti ní, "Ó ti mú ọ̀pá."

Ẹ wo ariwo! Bàbá mi ju ẹ̀mú sókè. Bùọ̀dá gba awò, ó ka nọ́ńbà: kò pé ẹgbẹ̀rún rárá, nǹkan bí àádọ́jọ ni awò fi sílẹ̀. Ìyá mi sáré wá láti ibi ọbẹ̀, ó rò pé ẹnì kan jóná. Èmi ń fò, mo di Bàbá Àgbà lọ́rùn mú, mo ń pariwo sí i létí pé awò àti òun rí nǹkan kan náà. Ó ní kí n má pariwo, etí òun ṣì ń gbọ́ràn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé òwe yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti ọjọ́ náà, Bùọ̀dá máa ń fi iye yẹn kún ohun tí awò bá kà lójú bàbà tó ti fọ̀, a sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Àgbà náà ṣe ń pè é, láìka nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la da búṣì méjì. Ẹnu kan ṣoṣo ló pè é. Bùọ̀dá ń wo awò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́, ó kàn mi orí nígbà tí Bàbá Àgbà ké ni. A fi ayùn la ọ̀kan. Inú rẹ̀ pupa, ó dán, kò sí ihò kankan, àní èyí tó tó ojú abẹ́rẹ́.

Àlàájà dé lọ́jọ́ tó dá. Ó gbé ìdajì tí a là, ó wò ó lójú oòrùn, ó yí i. Ó wá gbé odidi èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó kàn án mọ́ òkúta, ó dún gbọ̀ọ́ǹ. Ojú rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e sápò.

"Ta ló pe èyí?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Ẹ̀rọ Àlàájà kọ́ nìkan ló wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí; bí Àlàájà bá lọ, gbogbo ẹni tó ń lọta ní agbègbè náà yóò tẹ̀ lé e. Ó la ẹnu. "Àlàájà, awò Kàmọ́rù ló—"

"Bàbá Sìdí, dákẹ́." Bàbá Àgbà dìde. Ó fi ọ̀pá irin rẹ̀ wá ọ̀nà, ó sì rìn lọ sí ibi tí ohùn Àlàájà ti wá, títí ó fi kù díẹ̀ kó gbá a. "Èmi ni mo pè é. Mi ò ríran mọ́, Àlàájà. Bí o bá gbọ́wọ́ sókè báyìí, mi ò ní í mọ̀. Mẹ́ta tí o dá padà, ojú mi ló pè wọ́n. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, èmi gan-an ni mo pè é."

Yàtọ̀ sí ohun tó wí fún mi lábẹ́ igi ẹ̀mi, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Bàbá mi bojú. Èmi di ìró ìyá mi mú, mo ń wo Àlàájà lẹ́nu, mo ń retí kí ó pe orúkọ ibòmíràn tó ń lọ. Ó wo Bàbá Àgbà láti òkè délẹ̀. Ó tún kan búṣì náà mọ́ òkúta, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ojú rẹ̀ dé, ó sì tẹ́tí sí i títí ìró náà fi tán. Lẹ́yìn náà ló so ó mọ́ etí ìborùn rẹ̀, ó dì í ní kókó méjì, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bá mi pe méjì sí i."